Kúbùsù mẹ́sàn-án, dúféè méjì, òjò ò sì dá: níbo lẹ ti ń fọ tiyín ní Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún Ọ̀ṣun ti kọjá, àlejò ti padà sílé wọn, àmọ́ ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kì í ṣe kékeré. Èèyàn mọ́kànlá ló sùn sí pálọ̀ àti yàrá mi fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Kúbùsù mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀ báyìí, dúféè méjì, aṣọ fèrèsé pálọ̀ tí ọmọ kan fi nu ọwọ́ ọbẹ̀, àti rọ́ọ̀gì tó wà níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ kan tọ̀ sórí ọ̀kan nínú dúféè yẹn. Ẹ má bi mí ọmọ ta ni.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo ní, ojú méjì ló ní: apá kan ń fọ̀, apá kejì ń fún un. Kílò 7 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ki dúféè kan bọ̀ ọ́, mo sì gbé e sápá tó ń fún un. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dún gbìì, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n wá ibi tí wọ́n ti ń ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ ńlá, kí n kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí irú ẹ̀ ní Òṣogbo wa yìí? Bí ẹ ò bá rí i, kí lẹ máa ń ṣe sí ẹrù ńláńlá báyìí? Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí òní.

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Owó ẹyọ wo? Ṣé ẹyọ náírà kan àti náírà méjì tí báǹkì àpapọ̀ gbé jáde ní 2007? Ta ló tún rí i? Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń gba owó ẹyọ ní Òṣogbo, ẹ bá mi bi í bóyá ó ń gba tiransífà.

Òròkí ní Chicago

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Ilé ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ fúláàtì ni kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹyọ sẹ́ǹtì 25 la máa ń jù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ti ń gba káàdì báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ẹyọ ló ń fọ dúféè, ìtóbi inú ẹ̀rọ ni. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń gba ìlọ́po mẹ́ta ẹrù tí ẹ̀rọ ilé ń gbà. Mo máa ń kó dúféè méjì pọ̀ sínú ọ̀kan, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó bá mumi yó, á dì sápá kan, ẹ̀rọ á wá máa fò bí ẹni tó ń jó bàtá. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n á dọ́gba. Bí mi ò bá ní ju ẹyọ kan lọ, táwẹ́ẹ̀lì ńlá méjì ni mo fi ń tì í lẹ́yìn.

Kí n tó kó ẹrù sí i, mo máa ń fọwọ́ ra inú rẹ̀ àti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn yíká. Ẹni tó fọ̀ ṣáájú lè ti gbàgbé báírò tàbí ṣingọ́ọ̀mù síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé bílíìṣì rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Mo ti ba kúbùsù aláwọ̀ eérú kan jẹ́ báyẹn.

Ibi tí owó àti àkókò ń lọ gan-an ni ẹ̀rọ ìgbẹ. Ìfọ̀ lè má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, gbígbẹ á gbà tó ìlọ́po méjì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lágbedeméjì, kí n gbọ̀n ọ́n, kí n yí i padà, nítorí ìta á ti gbẹ tí àárín á ṣì tutù. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì ni mo máa ń jù sí i kí nǹkan inú rẹ̀ má bàa dì sójú kan. Ẹ̀yin ò ní ẹ̀rọ ìgbẹ, òjò sì ń rọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú yín.

Alágbàfọ̀ Ògo-Olúwa

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lára iná, ẹ má tàn án mọ́ títí ẹni tó ń tún un ṣe á fi wò ó.

Kílò 7 tí wọ́n kọ síbẹ̀, kílò aṣọ gbígbẹ ni, aṣọ wẹ́wẹ́ tó ń ráyè yí ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Dúféè lè fúyẹ́ lọ́wọ́ kó sì kún inú ẹ̀rọ dẹ́nu. Bí èmi ṣe ń dán an wò: mo á kó o sínú ẹ̀rọ ní gbígbẹ, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, mi ò ní fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹrù tí kò bá ráyè yí kò lè mọ́, ọṣẹ ò sì ní jáde lára ẹ̀. Apá tó ń fún omi lára ẹ̀rọ ojú méjì kì í ṣe ti kúbùsù rárá. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kúbùsù tó bá mu lítà mẹ́wàá ti gbé kílò mẹ́wàá rù, ẹ wá ní kó máa sáré yípo. Gbìì tí ẹ gbọ́ yẹn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló kù, ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ń ṣe àṣejù. Ẹ rò pé ẹrù ńlá, ọṣẹ rẹpẹtẹ. Ìfófó tó bá pọ̀ jù á gbé aṣọ lé òkè, aṣọ ò ní lè ra ara wọn, ìdọ̀tí á sì jókòó síbi tó wà. Ẹ ó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á ṣì máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó bá gbẹ mọ́ inú ẹ̀ lè mú kí ara máa yún ọmọ, eruku á tún máa lẹ̀ mọ́ ọn kíákíá. Ìdajì ohun tí ọwọ́ yín fẹ́ dà ni kí ẹ dà. Ẹ pò ó nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí á fi yọ́ tán, kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Òmò tí a fi ń fọwọ́ fọ̀ máa ń hó ju èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú ò sì fẹ́ ìfófó rárá.

Kúbùsù tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí wọ́n fi ẹkùn tàbí òdòdó ńlá ṣe ọ̀ṣọ́ sí, ike ni ọ̀pọ̀ irun yẹn, kì í ṣe irun àgùntàn. Omi híhó á mú kó dì bí irun orí tí wọn ò yà. Omi tútù tàbí omi tó lọ́ díẹ̀ ló fẹ́. Ẹ má sì fi áyọ̀ọ̀nù kàn án láé, á yọ́ mọ́ ọn.

Ẹ máa ń bínú sí wa lórí owó, ẹ ní ẹ̀wù mẹ́wàá lowó kúbùsù kan. Ẹ wò ó báyìí: kúbùsù kan á gba ẹ̀rọ mi tán, á mu omi bóhólù, á sì gba okùn mi látàárọ̀ dalẹ́. Lásìkò òjò, ó lè gbà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo níbí, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni èmi ń tàn. Torí náà, ẹ má kó ẹrù ńlá wá lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo ayé ń kó aṣọ ọ̀sẹ̀ wọn wá. Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè ni kẹ́ ẹ kó o wá.

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin alágbàfọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ìyá mi máa ń da odindi ọ̀rá Òmò kan sí kúbùsù kan, kúbùsù wa sì mọ́ tónítóní.

Alágbàfọ̀ Ògo-Olúwa

Ẹ rẹ kúbùsù mímọ́ yẹn sínú omi lásán lónìí, ẹ má fi ọṣẹ kankan sí i. Ẹ fọwọ́ rú u, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá kò hó.

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Ó hó.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí dúféè tí ọmọ tọ̀ sí. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da bílíìṣì sí i. Kì í ṣe torí àwọ̀ aṣọ nìkan. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ ní amóníà nínú, tí bílíìṣì bá bá a pàdé, èéfín tó ń jáde lè ṣe ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Bílíìṣì àti fínígà náà, ọ̀tá ni wọ́n. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ò tóbi ló burú jù láti ṣe àṣìṣe yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fọṣọ.

Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ojú ibẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ po ife fínígà funfun kan mọ́ ife omi mẹ́ta, ẹ dà á sí ojú ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tún yẹ fóòmù tó wà lábẹ́ wò, nítorí ìtọ̀ kì í dúró sókè. A kì í ki fóòmù bọ omi. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kó fa omi, ẹ bu baking soda lé e, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di àárọ̀, kí ẹ gbá a kúrò, kí ẹ wá gbé e dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ohun kan kù tí ẹ lè má fẹ́ gbọ́. Àlejò mọ́kànlá fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán fóòmù àti igun bẹ́ẹ̀dì bóyá ìdun ti bá wọn wá. Bó bá wà, sísá kúbùsù sóòrùn nìkan ò tó, á kàn rìn lọ síbi òjìji ni. Omi tó gbóná tó 60 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń pa á, òun náà ló sì ń pa kòkòrò inú eruku tó ń mú kí àwọn ọmọ máa sín láàárọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìrọ̀rí tó jẹ́ òwú lè gba irú omi bẹ́ẹ̀. Kúbùsù oníke tí alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lè gbà á.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìdun, mo dúpẹ́. Àmọ́ mo bá yẹtí kan, hóró àgbàdo mẹ́ta, àti pátá ọmọdé tí kì í ṣe ti ọmọ mi.

Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn lórí aṣọ fèrèsé.

Aránṣọ Alékúwodò

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Téèpù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Bó bá jẹ́ aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ òwú, ó lè sún kì kí iwájú má sún kì, gbogbo rẹ̀ á wá ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Omi tútù ni kẹ́ ẹ lò. Bó bá jẹ́ pé ìkọ́ ló ní, ẹ yọ gbogbo ẹ̀. Bó bá jẹ́ òrùka irin ni wọ́n lù mọ́ ọn, ẹ kó ẹnu òrùka yẹn jọ, ẹ so ó, kí ẹ ki orí tí ẹ so yẹn bọ inú aṣọ ìrọ̀rí, kó má bàa máa gbá inú ẹ̀rọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán lórí okùn. Tó bá ku díẹ̀, ẹ gbé e kọ́ padà sójú fèrèsé, kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ìwúwo ara rẹ̀ á fà á, ẹ ò ní lọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń fi áyọ̀ọ̀nù jẹun ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláró

N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ìlú aró ni tiwa, ilé wo ni kò ní adìrẹ kan tí wọ́n ń fi bora? Ìyá Ìbejì, ẹ tú òkìtì yẹn wò dáadáa kí ẹ tó rẹ ẹ́. Adìrẹ ẹlẹ́lùú kan ṣoṣo tó bá kó sáàárín kúbùsù funfun, gbogbo wọn á jọ di aláró. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ igun rẹ̀. Bí ó bá yọ búlúù sára funfun, òun nìkan ni kó dá wẹ̀. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sá a síbi òjìji. Bí aṣọ òkè bá wà níbẹ̀, ẹ má rẹ ẹ́ sómi rárá. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, ó parí.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọge, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ aṣọ tó wúwo lẹ́tí omi, à ń tẹ̀, à ń kọrin. Omi Ọ̀ṣun ò rí báyẹn mọ́. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè ti sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kó kúbùsù lọ síbẹ̀. Báàfù ńlá ni kẹ́ ẹ lò nílé.

Ọmọ hóṣítẹ́ẹ̀lì UNIOSUN

Mama ti sọ tèmi tán. Ẹsẹ̀ náà la fi ń tẹ̀ ẹ́ ní hóṣítẹ́ẹ̀lì. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sínú ẹ̀, mo ti ya kúbùsù rúùmètì mi rí. Ẹ má lọ́ ọ fún bí èèyàn méjì ṣe máa ń dì í mú lórí àti nídìí, okùn rírán inú dúféè á já, gbogbo òwú á kó sí ìdí kan. Ẹ ká a bí ẹní, ẹ jókòó lé e lórí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e ka orí bẹ́ńṣì fún wákàtí kan kí omi ro kúrò, kó tó dórí okùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn á já, kúbùsù á bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ ó padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bọ̀dá Kááwọ́ọ̀ṣì

Rọ́ọ̀gì, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ gbé e wá. Ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, pàápàá èyí tó ní rọ́bà lẹ́yìn. Rọ́bà yẹn á fọ́ wẹ́wẹ́, á sì dí ojú tí omi ń gbà jáde. Àwa á tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, a ó kọ́kọ́ gbọn iyanrìn rẹ̀ kúrò ní gbígbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó wá fi ẹ̀rọ tó ń fi ipá tu omi ṣan án. Kí ẹ sọ fún ọmọkùnrin tó di ẹnu ẹ̀rọ mú pé kó jìnnà sí i díẹ̀, torí tó bá sún mọ́ ọn jù, á tú irun rọ́ọ̀gì. Orí ògiri ló máa wà fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, lásìkò yìí ẹ kà á sí mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, kì í ṣe ojú. Èyí tí ìdí rẹ̀ ò gbẹ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, èbu ló máa hù, gbogbo yàrá á máa rùn bí ajá tí òjò pa.

Òròkí ní Chicago

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ẹ so òwú pupa mọ́ igun gbogbo ohun tí ẹ bá kó fún alágbàfọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn. Ilé ìfọṣọ kan níbí fún mi ní kúbùsù ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan. Ó dára ju tèmi lọ, àmọ́ kì í ṣe tèmi.

Alágbàfọ̀ Ògo-Olúwa

Ìyẹn dáa. Ẹ kà á pẹ̀lú wa lójú wa, kẹ́ ẹ tó lọ.

Èyí tí ẹ bá sá nílé, okùn méjì ni kí ẹ ta, kí wọ́n jìnnà síra tó apá kan, kí ẹ tẹ́ kúbùsù kan lé okùn méjèèjì bí òrùlé. Atẹ́gùn á máa gba àárín kọjá. Okùn kan ṣoṣo á jẹ́ kí ojú méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ọjọ́ kan á di mẹ́ta. Ẹ yí i ní wákàtí méjìméjì. Kí ẹ tó kó o wọlé, ẹ fi ojú rírán rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, kò tíì gbẹ, ohun yòówù kí ọwọ́ máa sọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ fọ àwọn wọ̀nyí nígbà ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó gbọ̀n ọ́n ni, ó parí. Òjò kì í ṣe ohun tí a ń gbọ̀n kúrò.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ọjọ́ kọkànlá rèé, mo wá ròyìn.

Kúbùsù márùn-ún ni mo kó fún alágbàfọ̀ ládùúgbò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pẹ̀lú òwú pupa. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbà á, márààrún pé. Mẹ́rin tó kù, èmi àti àwọn ìbejì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú báàfù. Mo da ọṣẹ ìdajì, ọkàn mi ò balẹ̀, mo tún fẹ́ dà sí i, mo rántí Ọmọ Ìgbọ̀nà, mo dọwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣan án, omi sì mọ́ gaara. Oòrùn là lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè. Okùn méjì yẹn ṣiṣẹ́ gidi, méjì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dúféè tí wọ́n tọ̀ sí kò rùn mọ́. Ìdí rírán rẹ̀ kan ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi lálẹ́ Fúráìdeè, mo gbé e síwájú fáànù, iná lọ, mo gbé e síta láàárọ̀, òjò dé, mo sáré gbé e wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí lórí dúféè kan. Aṣọ fèrèsé wà lójú fèrèsé, mi ò lọ̀ ọ́, ó sì nà gbọnrangandan. Adìrẹ kan wà nínú òkìtì yẹn lóòótọ́, Mama, ẹ ṣeun. Ẹlẹ́ẹ̀rọ ní bẹ́líìtì ló já, kì í ṣe mọ́tò.

Ìyá ọkọ mi dé lánàá. Wọ́n gbé kúbùsù tiwọn wá, wọ́n ní àwọn kì í fi ti ẹlòmíì bora. Rọ́ọ̀gì ṣì wà lórí ògiri.